KỌ̀ǸPÚTÀ TI WÍ TẸ́LẸ̀, ÀWA NI A KÒ GBỌ́

Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ni mo jìn sí kòtò tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín lọ́sẹ̀ yìí. Bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á dé òpin, ẹ̀yin kò ní jìn sí i.

Tíṣà ni mí ní Kétu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, nílùú Èkó. Yàtọ̀ sí iṣẹ́ olùkọ́, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájọ kan tí àwọn ìyá tó ń ta tòmátì àti ata ní ọjà Mile 12 dá sílẹ̀. Àwọn 46 ni wọ́n. Olúkúlùkù ń dá ₦5,000 ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Bí ọdún bá ń lọ sópin, a ó kó owó náà jáde, kálukú yóò gba tirẹ̀, wọn yóò fi ra ọjà ọdún, wọn yóò sì fi èyí tó kù san owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ní oṣù January. Owó fúnra rẹ̀ wà ní báǹkì, ṣùgbọ́n iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nínú rẹ̀, inú kọ̀ǹpútà àlòkù kan tí ẹgbẹ́ rà ni mo ń kọ ọ́ sí. Lóòótọ́, kálukú ní káàdì kékeré kan tí mo ń fọwọ́ sí fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí káàdì ti ń rí nínú ọjà tí omi tòmátì kún ilẹ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù December 2023, mo tan ẹ̀rọ náà, kò ṣí. Ó ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, bí ẹni ń fi èékánná kan pákó, ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Mo pa á, mo tún un tàn. Ohùn kan náà ni. Nígbà tí àwọn ìyá dé ní ìrọ̀lẹ́ láti wá gbọ́ iye tó kàn wọ́n, n kò ní nǹkan kan tí mo lè kà fún wọn. Ìyá kan tó ń ta tàtàṣé, tó jẹ́ pé "Tíṣà mi" ló máa ń pè mí, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Tíṣà mi, ṣé kò sí nǹkan tó ṣe owó wa?"

"Màmá, owó yín wà ní báǹkì digbí. Ìwé rẹ̀ ni n kò rí ṣí."

"Owó tí kò níwèé, ta ni yóò mọ olówó rẹ̀?"

N kò rí èsì fún un. N kò sì rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà.

OHUN TÍ MO FI OJÚ RÍ NÍ ÌKÒSÌ

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí mo fi gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún wọn ṣe ní Ìkòsì. Ó tú u, ó yọ dísìkì rẹ̀, èyíinì ni àpótí pẹlẹbẹ tí gbogbo ohun tí a bá kọ sínú kọ̀ǹpútà ń gbé, ó sì fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó ṣí, bí ilẹ̀kùn tí irin rẹ̀ ti dípẹtà. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó kọ́kọ́ kó ohun tó ṣeé kó jáde ná. Lẹ́yìn náà ló wá ṣí ìwé kan tó bá nínú dísìkì náà, ó sì pè mí.

"Ẹ̀yin Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan."

"Kí ni, àbúrò?"

"Ẹ wo ohun tí kọ̀ǹpútà yín ti ń kọ láti oṣù October, sà. Ṣé ẹ kò kà á rí ni?"

Mo wò ó. Ní ọjọ́ 13 October, ẹ̀rọ náà kọ ọ́ pé òun ní láti béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ dísìkì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ó tó dá òun lóhùn. Ní ọjọ́ 27 October, ó kọ ọ́ pé ibì kan ti bàjẹ́ lára dísìkì. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló kọ ọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 10 November, ó kọ ọ́ pé òun gbé ẹrù lọ síbẹ̀, ọ̀nà kò dán. Ní ọjọ́ 24 November, ó kọ ọ́ pé ètò ìwé orí dísìkì ti dàrú. Ọjọ́ keje sí i, dísìkì dákẹ́. Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n: ọjọ́ tí èmi gan-an jókòó níwájú ẹ̀rọ náà, tí mo ń kọ owó, tí mo ń kùn pé ó ń lọ́ra, tí mo sì ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru iná mànàmáná.

Ojú tì mí. Ọ̀sẹ̀ méje ni kọ̀ǹpútà fi ń sọ fún mi pé ara òun kò yá.

ÌWÉ ÌṢẸ̀LẸ̀ TÓ WÀ NÍNÚ KỌ̀ǸPÚTÀ

Ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ tó máa ń wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, èyí tí à ń pè ní lọ́ọ̀gìbúùkù. Bí alábẹ̀wò bá dé láti ọ́fíìsì ìjọba, a ó kọ ọ́ síbẹ̀. Bí ìjì bá ṣí òrùlé kíláàsì, a ó kọ ọ́ síbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò. Ẹ̀yin oníṣòwò náà ní ìwé tí ẹ ń kọ àwìn sí. Kọ̀ǹpútà ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ tó ń lo Windows lónìí ló ní in, orúkọ ètò tí a sì fi ń ṣí i kà ni Event Viewer. Kì í ṣe nǹkan tuntun. Ó ti wà láti ọdún 1993 tí Windows NT kọ́kọ́ jáde.

Tọ̀sán-tòru ni ẹ̀rọ ń kọ ìwé yìí: ìgbà tí a tàn án, ìgbà tí a pa á, ìgbà tí iná lọ lójijì, ìgbà tí ohun èlò kan kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìṣòro ibẹ̀ nìyí: ìwé náà kì í pariwo. Kì í lu agogo. Ẹ̀rọ yóò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, yóò sì dákẹ́. Ẹni tí kò bá ṣí i kò ní mọ̀ pé wọ́n ń bá òun wí.

Ohun méjì mìíràn tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀. Èkíní, ìwé náà ní ìwọ̀n. Bí ó bá kún, ìṣẹ̀lẹ̀ tuntun yóò pa ti àtijọ́ rẹ́. Èkejì, orí dísìkì kan náà tó ń ṣàìsàn ni ìwé náà ń gbé. Bí ilé bá jó tán, ìwé tó sọ bí iná náà ti bẹ̀rẹ̀ yóò jó pẹ̀lú rẹ̀. Oríire ni mo ṣe tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi rí i ṣí.

KÍ NI Ó Ń ṢE DÍSÌKÌ?

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́njú bá giramafóònù nílé bàbá yín, ọ̀rọ̀ yìí yóò tètè yé yín. Nínú dísìkì ni àwo kan wà tó ń yí bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n eré tirẹ̀ le púpọ̀: ìgbà 5,400 tàbí 7,200 ni ọ̀pọ̀ wọn ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Abẹ́rẹ́ giramafóònù ń fara kan àwo rẹ̀. Ti dísìkì kò gbọdọ̀ fara kàn án. Òkè àwo ló ń fò, àlàfo tó sì wà láàárín wọn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí irun orí kan fi nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bí a bá kọlu ẹ̀rọ náà nígbà tí àwo ń yí, tí abẹ́rẹ́ sì ha á lára, ohun tó wà níbẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ọdún 1956 ni ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà gbé dísìkì àkọ́kọ́ irú èyí jáde. Àádọ́ta àwo ló wà nínú rẹ̀, fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ẹ̀rọ náà wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ, síbẹ̀ mílíọ̀nù márùn-ún lẹ́tà péré ló lè gbà. Fláàṣì kékeré tí àwọn ọmọ wa ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́ lónìí gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Èyí dára, ṣùgbọ́n ó tún túmọ̀ sí pé bí ohun kékeré kan ṣoṣo bá bàjẹ́, iṣẹ́ ọdún púpọ̀ lè bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi dísìkì wé àdúgbò kan tí ojúlé pọ̀ nínú rẹ̀. Ojúlé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ẹrù kékeré kan ló sì ń gbé inú rẹ̀: lẹ́tà 512 tàbí 4,096. Àwọn tó ṣe dísìkì mọ̀ pé àwọn ojúlé kan yóò bàjẹ́ lọ́jọ́ iwájú, nítorí náà wọ́n fi àwọn ojúlé òfìfo kan sílẹ̀ fún ìrọ́pò. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, dísìkì yóò fi òfìfo kan rọ́pò rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó bá kan ilẹ̀kùn ojúlé kan tí kò sì rí ẹrù inú rẹ̀ kà rárá, ọjọ́ náà ni yóò figbe ta, tí kọ̀ǹpútà yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀.

Àwọn dísìkì ìgbàlódé kan wà tí kò ní àwo tó ń yí, tí wọ́n ń pè ní SSD. Wọ́n yára, wọn kì í sì bẹ̀rù kíkọlù. Ṣùgbọ́n àwọn náà ń gbó, bí wọ́n bá sì fẹ́ kú, wọn kì í dún kọ̀, kọ̀, kọ̀. Òmíràn lè ṣiṣẹ́ títí di alẹ́, kí ó má jí láàárọ̀.

BÍ A TI Ń ṢÍ ÌWÉ NÁÀ

Kò le. Ẹ tẹ bọ́tìnì tó ní àmì Windows lórí kíbọ́ọ̀dù, kí ẹ sì tẹ lẹ́tà X pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú àwọn orúkọ tó bá jáde, ẹ mú Event Viewer. Lápá òsì, ẹ ṣí Windows Logs, kí ẹ wá tẹ System. Ìwé náà ti wà níwájú yín nìyẹn.

Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan ẹ ó rí Level, tó ń sọ bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó. Information ni ìròyìn lásán. Warning, tó ní àmì òféèfèé, ni ìkìlọ̀. Error, tó ní àmì pupa, ni àṣìṣe. Critical ni èyí tó burú jù lọ. Lẹ́yìn èyí ni ọjọ́ àti àkókò, lẹ́yìn náà Source, tó ń sọ ẹni tó mú ẹjọ́ wá, àti Event ID, tó jẹ́ nọ́ńbà ẹjọ́ náà.

Kí ẹ má baà máa wá abẹ́rẹ́ nínú òkun, ẹ tẹ Filter Current Log tó wà lápá ọ̀tún. Nínú àpótí tí wọ́n kọ All Event IDs sí, ẹ kọ nọ́ńbà wọ̀nyí: 7,11,51,52,55,153, kí ẹ tẹ OK. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà nìkan kò tó o. Bí ọmọ méjì ti lè máa jẹ́ Táíwò ní ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà kan náà lè jẹ́ ti ohun mìíràn tí kò kan dísìkì. Ẹ wo Source. Bí ó bá kọ disk tàbí Ntfs síbẹ̀, tiwa nìyẹn.

ÌTUMỌ̀ NỌ́ŃBÀ MẸ́FẸ̀Ẹ̀FÀ

Nọ́ńbà 153 sọ pé a rán dísìkì níṣẹ́, kò dáhùn lásìkò, a sì tún un rán. Bí ẹ bá rí ẹyọ kan, ẹ má sá. Bí ó bá ń wá lemọ́lemọ́, ẹ fura. Ibẹ̀ ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ńbà 7 ni ẹ ó ti ka "bad block", èyíinì ni ojúlé tó ti bàjẹ́ tí dísìkì kò rí ẹrù inú rẹ̀ kà. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ à ń rọra wò ó. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i ni kí ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé yín.

Nọ́ńbà 11 sọ pé ìjà wà láàárín kọ̀ǹpútà àti ohun tó ń darí dísìkì. Ó lè jẹ́ dísìkì ló ṣàìsàn, ó sì lè jẹ́ wáyà tó so ó ló tú díẹ̀.

Nọ́ńbà 51 ní ọ̀rọ̀ "paging" nínú. Bí iwájú ìsọ̀ yín bá kún, ẹ ó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì díẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń ṣe nígbà tí ibi tó ti ń ronú bá kún. Orí dísìkì ló ń gbé èyí tó ṣẹ́kù lọ. Nọ́ńbà yìí sọ pé ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kò dán mọ́.

Nọ́ńbà 52 kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n òun ló sọ̀rọ̀ kò yí i po rárá. Dísìkì fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé ikú òun ti ń sún mọ́ tòsí, pé kí ẹ kó ẹrù yín kúrò lórí òun, kí ẹ sì wá òmíràn.

Nọ́ńbà 55 ń ti ọ̀dọ̀ Ntfs wá, akọ̀wé tó mọ ojúlé tí ẹrù kọ̀ọ̀kan wà. Ó ń sọ pé ìwé àdírẹ́sì òun ti dàrú. Iná tó lọ lójijì nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan lè fa èyí láìjẹ́ pé dísìkì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà 7 bá ti ṣáájú rẹ̀, bíi tèmi, ọ̀rọ̀ ti kọjá iná.

Nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ẹ ó máa rí Harddisk0 tàbí Harddisk1. Kọ̀ǹpútà kì í bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti ookan. Òdo ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Harddisk0 ni dísìkì àkọ́kọ́, tó sábà máa ń jẹ́ èyí tó wà nínú ẹ̀rọ. Harddisk1 lè jẹ́ fláàṣì tí ẹ kì bọ̀ ọ́, tí ẹ sì fà yọ láìdágbére. Ẹ mọ ẹni tó ń ṣàìsàn kí ẹ tó ra oògùn.

ÈYÍ TÍ KÒ YẸ KÍ Ó DẸ́RÙ BÀ YÍN

Ẹ óò bá àmì pupa púpọ̀ nínú ìwé yìí, pàápàá ní ìlú wa. Nọ́ńbà 41 láti ọ̀dọ̀ Kernel-Power àti nọ́ńbà 6008 ń sọ pé ẹ̀rọ kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa á bó ti yẹ. Ẹni tó ń gbé Kétu mọ ohun tó fà á: iná lọ. Wọn kì í ṣe ẹjọ́ dísìkì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pọ̀ jù, ẹ wá UPS tàbí kí ẹ lo kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára, nítorí pé iná tó ń já lemọ́lemọ́ lè ba ìwé tó wà lórí dísìkì jẹ́.

Ẹ tún gbọ́ èyí o. Àwọn gbájúẹ̀ ti mọ̀ pé kò sí kọ̀ǹpútà tí àmì pupa kò sí nínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ rẹ̀. Wọn yóò pe ènìyàn lórí fóònù, wọn yóò ní láti ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá kan làwọn ti ń pè, wọn yóò ní kí ó ṣí Event Viewer. Bí ó bá ti rí pupa, tí àyà rẹ̀ sì já, wọn yóò ní kí ó sanwó, tàbí kí ó jẹ́ kí àwọn wọ inú ẹ̀rọ rẹ̀ láti òkèèrè. Ní ọdún 2012, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo oníbàárà gbé irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́. Ẹni tó bá mọ ìwé náà kà fúnra rẹ̀ kò ní di ìjẹ wọn.

BÍ ÌKÌLỌ̀ BÁ DÉ, KÍ LÓ YẸ KÍ A ṢE?

Yorùbá ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ̀dà ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Àtúnṣe ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun tí ẹ kò lè rí rà lọ́jà ni kí ẹ kọ́kọ́ kó: ìwé owó, orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti máàkì wọn, àwòrán ẹbí. Orin àti fíìmù lè dúró, nítorí pé a lè rí òmíràn.

Bí ẹ bá ti ṣe ẹ̀dà tán, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ wo wáyà bóyá ó tú. Lẹ́yìn náà ni ẹ lè lo ètò tí wọ́n ń pè ní chkdsk láti tún ìwé àdírẹ́sì dísìkì tò. Àwọn kan a máa fi lẹ́tà r kún un lójú ẹsẹ̀ kí ó lè wá gbogbo ojúlé tó bàjẹ́. Èyí ń kan ilẹ̀kùn gbogbo ojúlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó lè gba wákàtí púpọ̀, ó sì lè pa dísìkì tó ti ń kú lọ. Ẹ má ṣe é kí ẹ tó kó ẹrù yín.

Bí dísìkì bá sì ti ń dún bíi tèmi, ẹ pa ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe máa pa á kí ẹ máa tàn án bí mo ti ṣe, nítorí ọgbẹ́ àwo náà ń jinlẹ̀ sí i ni. Ẹ má gbá a. Ẹ má tú u nílé, nítorí eruku kékeré kan tó lórí àwo láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ọ̀NÀ KAN KÒ WỌ ỌJÀ

Ní ọdún 2007, àwọn òṣìṣẹ́ Google tẹ ìwádìí kan jáde lórí dísìkì tó lé ní 100,000. Wọ́n rí i pé bí dísìkì bá ti yẹ ara rẹ̀ wò, tó sì rí àṣìṣe àkọ́kọ́, ó fi ìlọ́po 39 sún mọ́ ikú láàárín 60 ọjọ́ ju èyí tí kò rí irú rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ má fojú tín-ín-rín ìkìlọ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà tún fi hàn pé ju ìdajì àwọn dísìkì tó kú ni kò fi ọ̀kankan hàn nínú àmì mẹ́rin tó lágbára jù lọ. Nítorí náà, ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ tó mọ́ tónítóní kì í ṣe ẹ̀rí pé ara dísìkì le.

Kí ni ká wá ṣe? Ẹ̀yin ará Mile 12, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ jẹ́ kí ìwé yín jẹ́ mẹ́ta: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí fláàṣì tàbí dísìkì ìta, ọ̀kan tó kù kí ó wà níbòmíràn tí iná, omi tàbí olè ilé yín kò lè dé. Íntánẹ́ẹ̀tì dára fún ẹ̀kẹta yìí. Ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé òun nìkan. Ní ọjọ́ 14 March 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dàrú ní Nàìjíríà àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn báǹkì pàápàá fara gbá a. Ẹni tí ẹ̀dà rẹ̀ kan ṣoṣo wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní láti káwọ́ gbera lọ́jọ́ náà.

BÍ Ọ̀RỌ̀ TIWA TI PARÍ SÍ

Nínú ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin Ìkòsì náà kó jáde, ìwé owó ẹgbẹ́ wa wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé kà mọ́. Fláàṣì kan tí mo da ìwé náà sí ní ìparí oṣù September ló kó wa yọ. Láti January dé September pé pérépéré. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó wà nínú October àti November ló sọnù.

Alẹ́ mẹ́ta ni a fi jókòó. Àwọn 41 mú káàdì wọn wá, òmíràn ti rin, òmíràn ti ya, ṣùgbọ́n wọ́n ṣeé kà. Nínú àwọn márùn-ún tó kù, àwọn mẹ́rin fi báǹkì ránṣẹ́ owó wọn, a sì rí i nínú fóònù wọn. Ó wá ku ìyá alátàtàṣé. Owó lọ́wọ́ ló máa ń mú wá, òjò October sì ti ba káàdì rẹ̀ jẹ́. Ó ní òun san gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ₦40,000. Ìyá tó ń ta tòmátì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́rìí sí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, nítorí pé òun ló bá a mú owó wá ní ọjọ́ márààrún. Fún ₦15,000 tó kù, kò sí ẹlẹ́rìí. Àwọn olóyè ẹgbẹ́ ní àwọn kò lè san ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí.

Èmi gbà gbọ́ pé ó san án. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo ka ₦15,000, mo nà án sí i. Kò gbà á.

"Tíṣà, owó mi ni mo béèrè. N kò tọrọ tiyín."

Ó ká ₦25,000 rẹ̀ mọ́ ìdí ìró, ó kí gbogbo ilé, ó sì jáde.

Kò kúrò nínú ẹgbẹ́. Ó ṣì ń dá ₦5,000 rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n kò pè mí ní "Tíṣà mi" mọ́. "Akọ̀wé" ló ń pè mí. Bí mo bá ti kọ owó rẹ̀ tán, yóò ní kí n yí ojú kọ̀ǹpútà sí òun, yóò fi fóònù rẹ̀ ya àwòrán orúkọ rẹ̀ àti iye tó wà níwájú rẹ̀, kí ó tó lọ. N kò bá a jà. Ẹ̀dà kẹrin ni mo kà á sí, ó sì ti kọ́ àwọn mìíràn láti máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Èmi náà ti yí ìwà padà. Lójoojúmọ́ Ẹtì, kí n tó kọ náírà kan, mo ń ṣí ìwé ìṣẹ̀lẹ̀, mo ń wo nọ́ńbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọ̀nyẹn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Bí mo bá kọ owó tán, mo ń da ìwé náà sórí fláàṣì, fláàṣì kì í sì sùn ní yàrá kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀yin tíṣà tí máàkì àwọn ọmọ wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ̀yin oníṣòwò tí gbèsè oníbàárà wà nínú ẹ̀rọ yín, kì í ṣe tiyín nìkan ni ohun tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá pa ìwé ìròyìn yìí dé, ẹ lọ ṣí ìwé tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín lónìí. Ẹni tí a wí fún, Ọba jẹ́ kí ó gbọ́. Ó dìgbà kan ná.